Gbólóhùn Tí Mo Sọ Lórí Ìkúnlẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá Tchaourou pé káàdì ìdánimọ̀ mi sọnù. Káàdì náà kò sọnù rí. Inú báàgì mi ló wà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kódà nígbà kejì, mo ṣèèṣì fà á yọ pẹ̀lú áńkáṣíìfù nígbà tí mo fẹ́ nu ojú, ó bọ́ sílẹ̀, mo sì yára fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níwájú ọlọ́pàá tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti sọnù. Mo ní ìwé mẹ́ta nílé báyìí, tó ní òǹtẹ̀ ìjọba lára, tó ń jẹ́rìí sí i pé èmi Rahamatou, aránṣọ, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò mọ nǹkan tọ́jú.

Ohun tí mo fẹ́ lọ sọ gan-an kọ́ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé Mouftaou, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìránṣọ, fipá bá mi lòpọ̀ ní ọdún méje sẹ́yìn. Mo máa ń tò ó dáadáa láti ilé, mo máa ń tún un sọ lábẹ́nu lórí zém, títí ọlọ́kadà á fi gbé mi dé ẹnu ọ̀nà àwọn ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì bá ti gbójú sókè, tó ní, "Oui, madame?", káàdì ìdánimọ̀ ló máa ń jáde lẹ́nu mi.

Ẹ má rò pé ojo ni mí o. Ẹ bi àwọn tó ń ta síìpù lọ́jà wa, wọ́n á sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín. Mo ti wọ́ obìnrin kan lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò rí nítorí bọ́tìnnì mẹ́rin tó ní mo jí, mo sì ro ẹjọ́ náà ní Nàgó, ní Baatonum, àti ní Faransé, títí olórí àdúgbò fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ lọ jẹun ná. Bó bá jẹ́ ti bọ́tìnnì, kò sẹ́ni tó lè dí mi lẹ́nu. Tó bá wá kan ara tèmi, ahọ́n mi á wúwo.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀, n kò ní fà á gùn. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Àwa mẹ́fà là ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mouftaou, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà nítòsí ojú irin. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó rán àwọn yòókù jáde, ó ní kí èmi dúró ká etí aṣọ àwọn ọmọ iléèwé. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo ní rárá, mo sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì dá a dúró. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ sílẹ̀, kò sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú sí ara mi ni àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo lọ síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ. Mo gbálẹ̀, mo da epo sí ẹ̀rọ, Mouftaou na ṣòkòtò rẹ̀ kan sí mi pé kí n ká ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ká a. Mo ká a dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò wọ́, kò yọ òwú, n kò tiẹ̀ gbàgbé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo síbẹ̀. Ọdún méje ni mo fi ń ronú nípa ibi tí ǹ bá ti gbàgbé abẹ́rẹ́ yẹn sí.

Ìdí tí n kò fi sá ni pé ó ku oṣù mẹ́rìnlá kí n gba òmìnira. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ tó bá sá kò ní gba ìwé, ẹni tí kò bá sì ní ìwé, aṣọ tó ya ni yóò máa lẹ̀ títí ayé. Mo fara dà á. Mo rí i dájú pé n kò dá wà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Bí àwọn yòókù bá ń lọ tọ̀, mo máa ń bá wọn lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbà pé inú ń yọ mí lẹ́nu, wọ́n sì ń fún mi ní àgbo mu.

Ọjọ́ òmìnira náà, tí gbogbo wa ń pè ní líbérásíọ̀n, dé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á ta báàṣì síta kí oòrùn má bàa pa èèyàn, wọ́n á to àga, àwọn ọ̀gá aránṣọ ìlú á jókòó síwájú. Ọmọ iṣẹ́ á wọ aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, á kúnlẹ̀ sórí ẹní, á gba míkíró tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ọ̀gá á da pọ́ńdà sí i lórí, á súre fún un, á gbé sìsọ́ọ̀sì àti ìwé lé e lọ́wọ́. Èmi náà kúnlẹ̀. Mo ní: "Patron, gbogbo ohun tí mo ṣe tó dùn yín, ẹ foríjì mí. Ohunkóhun tí ẹ̀yin náà ṣe sí mi, mo ti foríjì yín, kò sí ẹjọ́ láàárín wa láéláé." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mouftaou da pọ́ńdà lé mi lórí bí ẹni tó fẹ́ fi mí ṣe búrẹ́dì. Ẹnì kan ya gbogbo rẹ̀ sí fídíò, fídíò náà sì wà lórí Wàsáàpù ìdílé wa títí dòní.

Gbólóhùn yẹn ló dè mí mọ́lẹ̀. Mo gbà pé mo ti fọwọ́ ara mi pa ẹjọ́ mi níwájú ọgọ́rùn-ún èèyàn, pẹ̀lú míkíró, tí orí mi funfun báláú. Ní ìlú wa, ohun tí èèyàn bá kúnlẹ̀ sọ lọ́jọ́ líbérásíọ̀n, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Mo máa ń rí ara mi níwájú adájọ́. Agbẹjọ́rò Mouftaou á tẹ fídíò náà, adájọ́ á wo fóònù, á wò mí, á ní, "Madame, ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí?" Èmi náà á sì ní, bẹ́ẹ̀ ni, olúwa mi, èmi ni búrẹ́dì yẹn.

Ọdún tó kọjá ni mo sọ fún ìyá mi. Ó ń ṣa èso kajú lórí àtẹ, ó ń ya èyí tó bàjẹ́ sọ́tọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè. Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú.

"Rahama," ó ní, "o ti kúnlẹ̀. Gbogbo ayé rí ọ. Kí la fẹ́ wí?"

"Màmá, n ò mọ̀."

"Jẹ́ ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo lọ sọ káàdì mi nù nígbà àkọ́kọ́.

Nígbà tó yá, obìnrin kan láti Savè, Tata Adéọlá, wá rán bùbá lọ́dọ̀ mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni nílùú wa níbí, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ran àwọn tí wọ́n fìyà jẹ lọ́wọ́, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń wọn ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rọrùn láti bá ẹ̀yìn èèyàn sọ̀rọ̀, kò ní ojú.

"Tata, mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Bétérou," mo ní. "Ó ń ṣe irun. Ọ̀gá rẹ̀ ṣe nǹkan burúkú sí i."

"Ọ̀gá tó kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ nírun ṣíṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kó dúró ká etí aṣọ àwọn ọmọ iléèwé."

Kò yíjú padà. "Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe irun."

"Ọ̀gá náà ń ṣe méjèèjì," mo ní.

"D'accord. Donc, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé àkókò kò tíì kọjá, òfin ṣì fún un láyè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Tó bá lọ, wọ́n á bi í ní ìbéèrè, wọ́n á tún bi í, ó lè pẹ́, ó sì lè má rí bó ṣe fẹ́. Tí kò bá lọ, kò sẹ́ni tó máa bá a wí, kò sì sọ pé irọ́ ló pa. Òun ló ni ọ̀rọ̀ náà."

"Ó ti foríjì í, tata. Lọ́jọ́ líbérásíọ̀n rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Fídíò wà."

"Òfin ò mọ ìkúnlẹ̀, ma chérie. Ta ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́," mo ní. "Ọ̀gá ló máa ń kọ́ wa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ó wò mí nínú dígí. Apá ọ̀tún bùbá tí mo rán fún un gùn ju tòsì lọ ní ìka méjì. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò bá mi jà, èyí sì tún dùn mí ju kó bá mi jà lọ.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan: láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira tèmi, n kò lọ sí líbérásíọ̀n ẹnikẹ́ni. Tí ìwé ìpè bá dé, inú á máa run mí. Kí n tó gba òmìnira sì rèé, ẹ̀yìnkùlé ni àwa ọmọ iṣẹ́ máa ń wà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, à ń bu oúnjẹ, a kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níwájú. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún yìí, Tawakalitou, tí àwa méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mouftaou, tó wá di ọ̀gá ní Kika, fẹ́ dá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó fóònù mi, ó ní tí inú bá run mí lọ́tẹ̀ yìí, òun á wá fi alùpùpù gbé mi pẹ̀lú inú rírun náà. Mo lọ.

Wọ́n fi mí sí ìlà iwájú pẹ̀lú àwọn ọ̀gá. Eruku ọ̀nà Kika ti sọ mí di pupa, mo sì jókòó bí ayaba tí wọ́n wú láti inú ilẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Ó gba míkíró. Ó ní, "Patronne, gbogbo ohun tí mo ṣe tó dùn yín, ẹ foríjì mí." Ó dá míkíró padà. Tawakalitou da pọ́ńdà sí i lórí, ìlù bẹ̀rẹ̀, ijó bẹ̀rẹ̀.

Mo ń dúró de ìyókù. Mo dúró títí wọ́n fi gbé ìrẹsì dé iwájú mi. Nígbà tí Tawakalitou wá jókòó tì mí, mo bi í pé, "Ìgbà wo ni ọmọ náà máa foríjì ọ́?"

"Foríjì mí kẹ̀? Kí ni mo ṣe fún un?"

"Àní ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Ohunkóhun tí ẹ ṣe sí mi, mo foríjì yín."

Ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀gá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà rẹ́rìn-ín. "Rahama! Ọmọ iṣẹ́ wo ló ń foríji ọ̀gá? Ìwọ nìkan lo sọ bẹ́ẹ̀ rí. Vraiment, èmi tó ti gba òmìnira ṣáájú rẹ jókòó síwájú lọ́jọ́ náà, mo rò pé ò ń ṣe fáàrí ni, o ṣáà fẹ́ràn láti máa fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀."

"Mouftaou kò kọ́ ìwọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ òun, kí n ṣe kíá nítorí oòrùn."

Mo jẹ ìrẹsì mi tán. N kò mọ ìdí, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ní kí wọ́n bu ẹran kún un. Ìgbà tí mo wà lórí zém tí à ń padà bọ̀ ni mo lu ọlọ́kadà lẹ́yìn pé kó dúró. Mo sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ igi kajú kan, mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà mo sunkún. Ọlọ́kadà rò pé ejò ló bù mí jẹ, ó ń wá igi kiri inú koríko.

Bí mo ṣe délé, mo tẹ fídíò náà. Ẹ jẹ́ kí n tún jẹ́wọ́ èyí: ní gbogbo ìgbà tí mo ti wò ó, ojú tèmi nìkan ni mo ń wò. Mo ń wo bí pọ́ńdà ṣe ba gèlè mi jẹ́, mo ń wo bí mo ṣe ya ẹnu. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo Mouftaou. Ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ike pọ́ńdà lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èèyàn. Nígbà tí mo dé ibi "ohunkóhun tí ẹ̀yin náà ṣe sí mi", ẹ̀rín náà kúrò, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú mi. Ní "kò sí ẹjọ́", ẹnu rẹ̀ ti débẹ̀ kí tèmi tó débẹ̀.

Inú bí mi, inú bí mi dé ibi tí mo dìde tí mo tún jókòó. Nígbà tí èmi kò tíì mọ orúkọ tí mo lè pe ohun tó ṣe sí mi, òun ti mọ̀ pé ẹjọ́ ni. Ó ti wá gba ìdáríjì náà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, ó gbà á pẹ̀lú ẹlẹ́rìí àti fídíò, èmi òmùgọ̀ sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́fà bá a ṣọ́ ọ. Tata Adéọlá ti sọ pé kì í ṣe dandan, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe dandan. Mo fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi fídíò náà han ìyá mi nídìí àtẹ kajú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, má wo èmi, wo ẹnu rẹ̀." Ó wò ó. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi kajú sílẹ̀ fún adìẹ, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Mo sọ láti ìta pé mò ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ilẹ̀kùn náà kò ṣí. Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì Tata Adéọlá. Mo ní, "Tata, ọ̀rẹ́ mi ti dé láti Bétérou." Ó ní, "Ó ṣeun. Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì." Ó mú báàgì rẹ̀, a jọ lọ.

Ọlọ́pàá ọjọ́sí ló wà nídìí tábìlì. Ó rí mi, ó sì ti ń fa ìwé yọ.

"Madame Rahamatou. Káàdì?"

Wallahi, ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo kó ọwọ́ sínú báàgì, mo mú káàdì náà, mo gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Mo ní, "Kò sọnù. Kò sọnù rí. Ẹ má bínú. Ọkùnrin kan ló fipá bá mi lòpọ̀, mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ti ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ obìnrin kan wá. Wọ́n mú wa lọ sí yàrá kékeré tó ní fèrèsé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò pa dé dáadáa. Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lódì, mo tún un sọ, mo sọ nípa ṣòkòtò, mo sọ nípa abẹ́rẹ́. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí a dé ọ̀rọ̀ fídíò, ó gbé kálámù sókè.

"Ẹ ní òun ló kọ́ yín ní gbólóhùn yìí. Ibo? Ìgbà wo?"

"Ní àgbàlá wa. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú líbérásíọ̀n. Ó kọ ọ́ sínú ìwé wá."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Ìyá mi wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí, ó ń yọ okùn etí aṣọ funfun mi. Mo wo ilẹ̀. N kò fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé yìí, kí ẹnikẹ́ni máa pè é síwájú adájọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

"Kò sẹ́nì kan," mo ní. "Adìẹ nìkan ni."

Obìnrin náà kò kọ adìẹ sílẹ̀.

Nígbà náà ni a gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà. "Irọ́ ló ń pa fún yín. Mo wà níbẹ̀."

Ìyá mi ni. Ó wọ aṣọ Iléyá rẹ̀, eruku bò ó dé orúnkún, ìyá mi tí kì í gun zém nítorí ìbẹ̀rù. Mo rò pé ó wá fà mí padà sílé ni. Tata Adéọlá dìde fún un ní àga, kò jókòó.

"Ẹ kọ orúkọ mi," ó ní. "Mouftaou wá sílé mi. Ó mú ìwé wá, ó ní kí ọmọ mi kà á. Ọmọ mi ka apá kìíní, ó dúró. Ó ní, Patron, n ò lè sọ ìyókù."

Mo gbójú sókè. N kò rántí èyí.

"Ó kọ̀," ni ìyá mi wí. Ó kọjú sí obìnrin ọlọ́pàá, kò wò mí. "Mouftaou tún ní kó kà á, ó tún kọ̀. Ó ń gbọ̀n. Èmi rò pé agídí ni. Mo ní ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú ìlú ni? Mo gbá a létí. Èmi ni mo gbá a létí, kì í ṣe Mouftaou. Ìgbà yẹn ló tó kà á."

Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bú ara mi pé mo fi ẹnu ara mi foríjì í láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn, mo sì ti bú ara mi dáadáa, mo mọ iṣẹ́ náà. Kò sí ohun ẹ̀rín kan lẹ́nu mi mọ́. Mo ń sunkún níwájú gbogbo wọn, n kò sì bo ojú.

Obìnrin ọlọ́pàá bi ìyá mi bóyá ó fẹ́ kí òun kọ ti ìgbátí náà sílẹ̀.

"Kọ ọ́," ni ìyá mi wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ó kọ̀."